Yèyé wa ní àrùn mẹ́rin, oríṣi oògùn mẹ́wàá ni wọ́n ń lò: èwo ni ká fi sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni Yèyé wa ń gbé, ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra. Ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀lé e. Orúnkún ń dùn wọ́n débi pé àtidìde lórí àpótí ti di wàhálà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n tún sọ fún wa pé glaucoma wà lójú wọn. Ilé ìwòsàn mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta ni à ń gbé wọn lọ, ọjọ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi wà ní Èkó, ìyàwó àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ wọn nílé.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo da gbogbo oògùn wọn sórí tábìlì, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀: amlodipine àti lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, Moduretic àti Lasix tí ń múni tọ̀, Glucophage, Daonil àti metformin fún ṣúgà, diclofenac fún ìrora, timolol tí wọ́n ń kán sójú, àti oògùn ikọ́ olómi. Mi ò tíì ka ìgò àgbo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn. Owó oògùn àti owó ọkọ̀ ti ju agbára wa lọ. Yèyé náà ń sọ pé ó ti rẹ òun, kí a jẹ́ kí òun fi díẹ̀ sílẹ̀. Èwo la lè fi sílẹ̀? Nínú àwọn dókítà mẹ́ta yìí, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ìlú tí kò lówó bíi tiwa tilẹ̀ ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ láti tọ́jú ẹni tó ní àrùn púpọ̀?

Ọmọ Ìkọ̀lé, Èkó

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú Yèyé, ẹ sì kú ìnáwó. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́.

Mo máa kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí, torí ìyàwó àbúrò yín ní láti mọ ohun tó máa ṣe lálẹ́ òní. Diclofenac nìkan ni kí Yèyé dáwọ́ rẹ̀ dúró báyìí. Lónìí yìí náà, ẹ pe apoògùn tàbí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà wọn nípa Glucophage àti metformin, torí oògùn kan náà ni. Ìyókù, ẹ má yọ ọ̀kankan fúnra yín, pàápàá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ojú, títí ẹnì kan tó mọṣẹ́ yóò fi wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Yèyé ń sọ. Oògùn yẹn pọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀ láìséwu, bó bá jẹ́ ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ ló yọ wọ́n.

Dókítà ìdílé ni mí, Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irú Yèyé yín ni mò ń rí jù ní kíníìkì: ẹni tí àrùn mẹ́ta mẹ́rin ń bá gbé pọ̀, tí àrùn kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ní káàdì tirẹ̀, ní ọjọ́ tirẹ̀. Kì í sì í ṣe àgbàlagbà nìkan. Níbi tí ìṣẹ́ bá wà, àrùn púpọ̀ máa ń tètè kó jọ sára ènìyàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 láti Scotland fi hàn pé àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù máa ń ní àrùn púpọ̀ ní ọdún 10 sí 15 ṣáájú àwọn tó ń gbé ládùúgbò olówó. Scotland nìyẹn, níbi tí aláìsàn kì í ti í sanwó kí dókítà tó wò ó. Níbí, mo ń rí ẹni ọdún 45 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ṣúgà rẹ̀ ga, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń rẹ̀.

Àwọn dókítà mẹ́ta tí Yèyé ń rí kò ṣe ohun tí kò dára. Àrùn tí wọ́n gbé wá síwájú olúkúlùkù ló tọ́jú. Ìwé ìlànà tí à ń tẹ̀ lé pàápàá, àrùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ fún, torí nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi ń dán oògùn wò, wọ́n máa ń yọ ẹni tó ní àrùn púpọ̀ kúrò. Ó wá dà bí ìgbà tí bíríkìlà mẹ́ta ń mọ ilé kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí iṣẹ́ ẹnìkejì. Ohun tí Yèyé ṣaláìní ni ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹn ṣe, púpọ̀ nínú ìyókù á tọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Metformin ni orúkọ oògùn ṣúgà yẹn. Glucophage jẹ́ orúkọ ọjà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Ó jọ pé ibì kan kọ èyí, ibòmíràn kọ tọ̀hún, Yèyé sì ń gbé méjèèjì mì. Oògùn tó dára ni, kò sì wọ́n bíi ti àwọn oògùn tuntun. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni, bí kíndìnrín bá sì ti ń rẹ̀, ewu rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Irú èyí wọ́pọ̀ gan-an. Cataflam àti Voltaren, diclofenac ni méjèèjì. Norvasc, amlodipine ni. Lára páálí oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí orúkọ ńlá, ẹ ó sì rí orúkọ kékeré lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ kékeré yẹn ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni diclofenac, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni Yèyé fẹ́ràn jù, torí òun ni wọ́n ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìrora orúnkún lọ, wọ́n dìde, wọ́n rìn. Ṣùgbọ́n ó ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìlágbára, ó sì lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Dókítà tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lò ó á rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò lọ sílẹ̀, á sì fi oògùn mìíràn kún un. Èyí tó burú jù ni bí ó ṣe ń bá lisinopril àti oògùn tí ń múni tọ̀, bíi Moduretic àti Lasix, ṣe pọ̀. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú ara àgbàlagbà, wọ́n á dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú kíndìnrín kọjá kù. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá wá bọ́ sí i fún ọjọ́ méjì, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ti orí orúnkún dídùn dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Iye owó tí ìdílé ná níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lé ní ohun tí wọ́n ná lórí oògùn ní ọdún púpọ̀.

Kí ni Yèyé á wá lò fún orúnkún? Paracetamol 500 mg, horo méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́, bí ẹ̀dọ̀ wọn bá dá. Kò lágbára bíi diclofenac, mi ò ní purọ́ fún yín. Nítorí náà ẹ fi àwọn nǹkan yìí kún un: aṣọ gbígbóná lórí orúnkún (kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má jó wọn, torí ìtọ̀ ṣúgà lè mú kí ara má mọ̀ ọ́n lára pé iná ń jó òun), àga gíga dípò àpótí kúkúrú inú ilé ìdáná, ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, àti eré ìmárale kan báyìí: kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọnrangandan, kí wọ́n ka ení dé ẹẹ́wàá, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n ṣe èkejì. Ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Iṣan itan tó le ló ń gba ẹrù lórí orúnkún. Ìpara tí à ń fi pa orúnkún náà wà. Oògùn inú rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti horo, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Nǹkan kejì tí mo fura sí ni pé oògùn kan ń bí òmíràn. Amlodipine máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú lára àwọn kan, pàápàá nígbà tó bá tó 10 mg. Ẹsẹ̀ wú, wọ́n lọ sí ibòmíràn, wọ́n fún wọn ní Lasix. Lasix kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún irú wíwú yẹn. Ohun tó ń ṣe é kò kúrò nílẹ̀. Bákan náà ni lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á wá lọ ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kún fún ṣúgà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe rò ó, dókítà lè dín amlodipine kù, kó pààrọ̀ lisinopril sí irú losartan, Lasix àti oògùn ikọ́ á sì kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wíwú lè jẹ́ ti ọkàn tàbí ti kíndìnrín pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú wọn bá sì wú lójijì nígbà tí wọ́n ń lo lisinopril, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má sì tún fẹnu kàn án mọ́ láéláé.

Moduretic àti lisinopril pọ̀ náà gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí méjèèjì lè mú kí èròjà potassium ga, èyí tó lè da ìlù ọkàn rú.

Daonil ló kù. Glibenclamide ni orúkọ rẹ̀ gidi. Ó máa ń pẹ́ lára, bí kíndìnrín bá sì ń rẹ̀, ó ń pẹ́ sí i. Bí Yèyé bá lò ó láàárọ̀ tí wọn kò jẹun tó, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójú oorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí rẹ̀ pé oògùn yìí kò yẹ fún ẹni tó ti ju ọdún 60 lọ. Ó ṣì wà káàkiri lọ́dọ̀ wa torí pé kò wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè fi gliclazide rọ́pò rẹ̀, tàbí bóyá metformin nìkan ti tó. Ẹni ọdún 71 tó ní àrùn mẹ́rin kò nílò kí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́. Nínú àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìsàlẹ̀ 8% ti tó irú wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní ronú kàn rèé: oògùn ojú yẹn. Timolol máa ń gba ojú wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè mú kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀, ó lè ru ikọ́ fée sókè, ó sì lè bo àmì ṣúgà tó ń já mọ́lẹ̀. Gbígbọ̀n ọwọ́ àti àyà tó ń lù kìkì tó yẹ kó kìlọ̀ fún Yèyé lè má hàn rárá. Òógùn nìkan ni wọ́n á rí. Dókítà ojú ló kọ timolol, dókítà ṣúgà ló kọ Daonil, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rí tẹnìkejì. Síbẹ̀, kí Yèyé má fi oògùn ojú sílẹ̀. Glaucoma kì í dunni, bẹ́ẹ̀ ni ìríran tó bá gbé lọ kì í padà. Tí wọ́n bá ti kán an tán, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Oògùn tó ń sá wọnú ara á dín kù, ti ojú á sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní ti ìgò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Yèyé jà. Bí ẹ bá jà, wọ́n á gbé e pa mọ́ síbòmíràn, dókítà ò sì ní mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e dání wá. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ kò bá ìtọ̀ ṣúgà àti oògùn wọn lọ. Oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ti rí oògùn òyìnbó, irú steroid àti oògùn ara ríro, tí àwọn kan rọra lọ̀ mọ́ àgbo tí wọ́n ń tà fún làkúrègbé. Steroid á mú kí ara yá gágá, á sì gbé ṣúgà lọ sókè. Bí Yèyé bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, dídáwọ́ dúró lójijì náà léwu, ìdí mìíràn nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ta ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta? Ẹ wá ẹnì kan tó máa kó ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba méjèèjì tó wà ní Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ìdílé. Iṣẹ́ ẹ̀ka yẹn gan-an ni láti wo odidi ènìyàn. Ẹ gbé Yèyé lọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa lè wà níbẹ̀ tàbí lórí fóònù. Ẹ kó gbogbo oògùn, àti èyí tó ti tán tó ku páálí, àti ìgò àgbo, àti káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti gbogbo ìwé àyẹ̀wò, sínú ọ̀rá kan. Ẹ má ṣà wọ́n. Ẹ ra ìwé fọ́tì líìfù kan. Òun ni yóò jẹ́ ìwé Yèyé láti òní lọ. Ojú ewé àkọ́kọ́, àrùn wọn àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kejì, oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ohun tó wà fún, àti ẹni tó kọ ọ́. Ìyókù, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà. Dókítà yòówù tí Yèyé bá rí lẹ́yìn èyí, ìwé náà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, òun náà á sì kọ ohun tó bá ṣe sínú rẹ̀. Mo ti rí i kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mẹ́ta kò lè ṣe, torí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀, ẹ béèrè lórí oògùn kọ̀ọ̀kan: kí ló wà fún, ṣé Yèyé ṣì nílò rẹ̀, kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a bá dá a dúró. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò kíndìnrín, ti ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀, bí wọn kò bá tíì ṣe é láti ọdún kan. Kí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìjókòó àti ní ìdúró, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pọ̀ lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà nígbà tó bá dìde, ìṣubú tó sì ṣẹ́ egungun ìbàdí máa ń dá ẹni mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà bi Yèyé fúnra wọn ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣeé ṣe jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dáhùn ìbéèrè yìí fún ìyá wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì ni, orúnkún àti òòyì ló máa ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé kí ojú má fọ́, a ó gbé gbogbo ètò gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ilé ní Ìkọ̀lé, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà lóṣooṣù, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé. Kí Yèyé jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, láìsọ̀rọ̀. Dókítà ojú nìkan ni kò ṣeé fi sílẹ̀. Kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọjọ́ tirẹ̀ ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀ka ìtọ́jú ìdílé bí wọ́n bá wà ní ilé ìwòsàn kan náà. Ìrìn mẹ́ta á di ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ owó. Ní Nàìjíríà, èyí tó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ìtọ́jú ìlera ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Òfin ìṣedúró ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ènìyàn wà nínú ètò ìṣedúró, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìṣedúró ìlera ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ẹ béèrè èyí tó bá ọjọ́ orí Yèyé mu, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó: ilé ìwòsàn wo ni, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ oògùn gidi dípò orúkọ ọjà, kó sì kọ ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ara bá ti dúró sójú kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì tí wọ́n pò pọ̀ sínú horo kan wà; Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú rẹ̀ sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2019. Níbi tó bá wà tí kò sì wọ́n jù, ó ń dín iye horo kù. Bí owó kò bá sì tó ní oṣù kan, ẹ sọ fún dókítà ní gbangba. Kí Yèyé má máa dá horo sí méjì ní kọ̀rọ̀.

Ẹ kò béèrè nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n Èkìtì ni à ń sọ, mi ò lè ṣe kí n má sọ̀rọ̀ iyán. Wọ́n máa ń ní kí àgbàlagbà má fẹnu kan iyán mọ́. Á gbọ́, á délé, á jẹ ẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Kí iyán tóbi tó ìkúùkù wọn, kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì abọ́, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ ọ̀sán dípò alẹ́. Wíìtì tó wọ́n ju iyán lọ, ṣúgà náà ló ń dì nínú ara. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́: gbogbo ti ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ, Maggi àti iyọ̀ inú ẹja gbígbẹ sì wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè yín ìkẹta ló ń ká mi lára jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tó dára wà, ìlú tó lówó kọ́ ló sì ti ṣe é. Ní Neno, lórílẹ̀-èdè Malawi, láti 2015 ni wọ́n ti sọ kíníìkì àrùn HIV àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée àti wárápá di ẹyọ kan: aláìsàn wá lọ́jọ́ kan, wọ́n wo gbogbo ohun tó ń ṣe é. Ní Uganda àti Tanzania, ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé nígbà tí wọ́n pa kíníìkì HIV, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà pọ̀, ìtọ́jú HIV kò bàjẹ́ rárá, ohun tí àwọn kan ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. South Africa bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2014 tí ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró fi ń gba oògùn rẹ̀ nítòsí ilé, láìtò sórí ìlà ilé ìwòsàn. Nílé wa níbí, láti 2020 ni ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, nípa títẹ̀ lé ìlànà kan tó rọrùn, tí nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń kópa nínú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi nínú gbogbo èyí. Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó péye ni, oògùn tí kì í tán lórí pẹpẹ, nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́, ìwé kan tí orúkọ aláìsàn wà nínú rẹ̀, àti ẹni tó ń pè é nígbà tí kò bá wá. Èkìtì ní wọ́ọ̀dù 177, ibùdó ìlera sì wà káàkiri. Ibẹ̀ la ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ la ti ń gbẹ̀bí. Ìyá tó bímọ níbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ máa wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mẹ́ta nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí. Ẹ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín sọ ọ́, ẹ bá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlera wọ́ọ̀dù sọ ọ́. Wọ́n ń gbọ́ ti àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ó ku ìyàwó àbúrò yín, ẹni tí ẹ fi ìlà kan ṣoṣo dárúkọ rẹ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì Yèyé. Ẹ fi fóònù rẹ̀ àti owó ìpè rẹ̀ sínú ètò ìnáwó yín, kí ẹ rí ẹni tó máa gba ibẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ kọ́ ọ ní èyí kó mọ̀ ọ́n sórí: bí Yèyé bá ń làágùn láìsí ooru, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú, bí ara wọn kò bá lókun, tàbí bí ẹ̀rọ bá ka ohun tó kéré sí 70 mg/dL, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn ń kà sí 3.9, kó fún wọn ní horo ṣúgà onígun, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó yọ́ nínú omi, tàbí ìdajì ife mínírà. Kó tún wọn ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i bí kò bá tíì gòkè, lẹ́yìn náà kó fún wọn lóúnjẹ. Bí Yèyé bá dákú, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, kó má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Bí ẹnu wọn bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí ọwọ́ kan kò gbé mọ́, tí àyà ń dùn tàbí tí èémí kò délẹ̀, ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn, kó pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó béèrè èyí tí wọ́n máa dá dúró nínú metformin, lisinopril, Moduretic àti Lasix títí ara á fi yá.